Àyọ̀ká Tí Wọ́n Mú Lóko Ọkà

Gbogbo ohun tó yẹ kí onílé ṣe kí àlejò tó dé ni Abọ́dúnrìn ṣe. Ó gbálẹ̀, ó yá àga, ó ká òwú òfì tó nà sí iwájú ilé kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fi kọsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò rántí: kò bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ nípa oríkì.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Mọpẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni. Ọmọ náà ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọkùnrin ti wá mọlé nítorí rẹ̀ tí wọn ò padà wá mọ́. Wàyí o, Pẹ̀lúmi, ọmọ ìlú Ìràwọ̀, ti kó ẹbí rẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Ràmọ́nì bàbá rẹ̀ wá. Ìyá Ràmọ́nì náà wá, arúgbó tó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí àwọn àlejò ti jókòó tán ni Ìyá Ṣùkúrù, àgbà ìyàwó ilé, kúnlẹ̀ níwájú Abọ́dúnrìn.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n kì yín, kí àwọn àna wa mọ irú ilé tí wọ́n wọ̀."

Kí ó tó dáhùn, obìnrin náà ti gbóhùn sókè:

"Ọmọ Òjó Ajíbógun, ọkọ Àdùkẹ́!
Ó jagun jagun, ó jagun dé Ìràwọ̀.
Ó bá Àyọ̀ká lóko ọkà níbi tó gbé ń lé ẹyẹ;
Ẹyẹ lọ, ó mú ẹni tó ń lé ẹyẹ,
Ó fi okùn fà á wọ̀lú bí àgbò iléyá."

Òjó yìí ni bàbá tó bí bàbá bàbá Abọ́dúnrìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tẹ̀lé ogun kiri. Ìbọn kan, ọgbẹ́ ní itan, àti ọmọbìnrin kan ló mú bọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń gbe orin náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò ro ibi. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ wọn ni wọ́n ṣe ń kì í. Orí Abọ́dúnrìn fúnra rẹ̀ a máa wú bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Lónìí, ì bá fi ọwọ́ bo Ìyá Ṣùkúrù lẹ́nu.

Ìyá Ràmọ́nì gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyàwó, orúkọ wo lo pè un?"

"Ìyá, ẹ má bínú, ṣe la kàn ń—"

"N ò bínú. Orúkọ ni mò ń bèèrè."

"Àyọ̀ká ni, mà."

Arúgbó náà mi orí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà lóko lọ́jọ́ náà. Èyí àbúrò sá wọ àárín pòròpórò ọkà. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi jìnnà. Títí tó fi kú, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun lórúkọ nínú oko." Ó yíjú sí Abọ́dúnrìn. "Àna mi, ogun ni, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jà á. Ẹ sọ ẹyọ kan fún mi. Ṣé ó bímọ nílé yìí?"

Ràmọ́nì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀. "A ò bá tìjà wá o. Ṣùgbọ́n bí ó bá bímọ, ẹ̀jẹ̀ kan ni wá, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò sì lè fẹ́ra mọ́."

Abọ́dúnrìn mọ̀. Nídìí òfì ni bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un: ṣọ̀pọ̀ná ló pa gbogbo ọmọ Àdùkẹ́, Àyọ̀ká ló bí bàbá òun. "Má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́, ọmọ ẹrú la ó máa jẹ́, ìran àbúrò Òjó ni yóò sì gba mọ́gàjí." Abọ́dúnrìn ni mọ́gàjí, olórí agbo ilé, lónìí. Wàhábì, ọmọ ìran àbúrò Òjó, ló jókòó tì í yẹn.

Abọ́dúnrìn wo Wàhábì. Lẹ́yìn náà ló tó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò bímọ," ni ó wí. "Àdùkẹ́ ló bí gbogbo ọmọ Òjó."

"Òótọ́ ni, mà," ni Wàhábì wí. "Kò sí ọmọ ẹrú nílé wa."

Bí ó bá jẹ́ pé tìtorí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣe sọ ọ́, Abọ́dúnrìn ì bá rí nǹkan fi bojú. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ojú òun kọ́kọ́ yà sí.

Omijé ń bọ́ lójú Ìyá Ràmọ́nì. "Ó ṣe o, Àyọ̀ká. A rò pé bí o ò tilẹ̀ padà, wàá ti rí ọmọ sin ọ́." Ó nu ojú, ó ní kí wọ́n pe ìyàwó òun wá. Mọpẹ́olúwa kúnlẹ̀, arúgbó náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Iwájú orí àwọn méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó ya Abọ́dúnrìn lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó rí i.

"Ìyàwó mi, wàá bímọ. O ò ní kú bí ìyá wa Àyọ̀ká, tí kò rí ẹnì kan láyé tí yóò sọ pé, 'Ìyá mi nìyí.'"

"Àmín!" ni gbogbo ilé wí.

"Bàbá ìyàwó," Wàhábì ń rẹ́rìn-ín, "a ò gbọ́ àmín tiyín o. Àbí ẹ ò fẹ́ ọmọ-ọmọ?"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá Ràmọ́nì gbójú sókè, ó ń dúró dè é.

"Àmín," ni Abọ́dúnrìn wí.

"Kò ròkè o!"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà náà ló fi ń pa ojú. Ó sì tún un wí, ó ròkè.