Ohùn Bàbá Nínú Fídíò Igi Ẹ̀gbà

1.
…nítorí pé fóònù ni Jemilat fi ń ya fídíò, kò ní kámẹ́rà. Bí ìpè bá wọlé, àwòrán á dúró. Nítorí náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ti ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ pa.

2.
IṢẸ́ TÍ ÀJỌ TÓ Ń GBIN IGI GBÉ FÚN UN
Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ń tún igi ẹ̀gbà gbìn sínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, níbi tí igbó ti parun. Kó múnú èèyàn dùn.

3.
OHÙN TÍ A GBÀ SÍLẸ̀. Yàrá Bàbá, Ìsàlẹ̀ Èkó.

JEMILAT: Bàbá, ta ló gé igi ẹ̀gbà tán létí ọ̀sà?
BÀBÁ: Àwa náà ni.
JEMILAT: Àwa wo?
BÀBÁ: Èmi. Ìyá rẹ. Kí lo rò pé ìyá rẹ fi ń yan ẹja, àdúrà?
JEMILAT: (ẹ̀rín)
BÀBÁ: Ẹja yẹn náà lo jẹ dàgbà. Ṣé o ò tíì pa nǹkan yẹn?
JEMILAT: Ó kù díẹ̀, sà.
BÀBÁ: Pa á, jẹ́ ká jẹun.

4.
Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi ti fà. Jemilat wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń ya àwọn obìnrin tó ń gbin igi.

Ó di ìgbà tó padà dé títì Adéníji Adélé kó tó ṣí ìpè.

5.
ÀTẸ̀JÍṢẸ́ BILQIS, Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀:
Gbé fóònù rẹ.
Bàbá ò mí dáadáa.
Jemilat.
Wọ́n ti lọ.
Àwọn Àáfà ti dé. Wọ́n ní òkú ò gbọdọ̀ pẹ́ nílé.
A ti ń gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Níbo lo wà?

6.
Ìsìnkú.



7.
Ó sunkún. Rárá, kò sunkún. Ó fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bilqis ń bá gbogbo ará ilé sọ̀rọ̀. Tó bá kan Jemilat, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jáde.

8.
GBÉNGA, TI ÀJỌ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Fídíò yìí dáa gan-an. Àmọ́ ẹ bá wa yọ bàbá tó ní àwọn ló gé igi. Kò bá a mu. Ẹ fi orin sí i.
JEMILAT: Bàbá mi ni.
GBÉNGA: Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ bá wa kí wọn o. Ẹ yọ ọ́, ká lè tún gbé iṣẹ́ mìíràn fún yín.

6, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Jemilat wá inú fóònù fún ohun tó ń yà lọ́wọ́ nígbà tí Bilqis kọ ọ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti ń gbé Bàbá lọ. Ó rí i. Obìnrin kan gbé igi kékeré sínú ihò, ó fọwọ́ tẹ ẹrẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó rí nínú ìsìnkú nìyẹn.

9.
Ó yọ ohùn Bàbá. Orin ń lọ, àwọn obìnrin ń gbin igi, àfi bí ẹni pé igi àtijọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Ó dá ohùn náà padà.

Ó tún yọ ọ́.

Abọ́ oúnjẹ Bilqis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì ṣí i.

GBÉNGA: Ṣé ẹ ti yọ ọ́, mà?
JEMILAT: Ó kù díẹ̀.

10.
OHÙN TÍ A GBÀ SÍLẸ̀.
BÀBÁ: Pa á, jẹ́ ká jẹun.