Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Nínú Yàrà

Dókítà ní Melbourne sọ pé òun kò lè gbà mí sí ilé ìwòsàn àwọn ológun, àfi bí ọ̀gá ológun kan tó wà lójú ogun pẹ̀lú mi bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ olóró ló ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Nínú àwọn ọ̀gá wa, Mervyn Strahan nìkan ló kù láyé. Ó ti di aṣòfin, àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta sì wà láyà rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá a yodì, nítorí pé láti ìgbà tí ogun ti parí, kò béèrè ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ivy ìyàwó mi ní, "Clarrie, ìbínú kì í wo ikọ́. Lọ bá a."

Strahan wá tọrọ ìbò ní gbọ̀ngàn ìlú wa lọ́dún tí ọ̀dá jẹ àlìkámà wa tán. Ó ní òun yóò mú rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kí ni yóò máa kó?" Paddy Geary kígbe láti ẹ̀yìn. "Iyanrìn?"

"Paddy, bó bá jẹ́ iyanrìn la ní, a óò tà á fún àwọn ará Sydney. Wọ́n máa ń ra ohunkóhun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí àwọn obìnrin ń pín tíì, mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Clarrie Noonan. O ṣì wà láyé."

"Ó ku díẹ̀, ọ̀gá."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́ ọ tán, kò wojú mi.

"O rántí ìwé tí mo kọ nípa àárọ̀ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ náà dé?"

Mo rántí. Ìwé yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún un.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo tètè pàṣẹ kí ẹ bo imú, pé afẹ́fẹ́ náà kò kan ẹnì kankan. Bí mo bá wá ní ó kàn ọ́, irọ́ ni mo pa nìyẹn."

"Irọ́ náà ni. Ẹ ń sùn ni, ọ̀gá. Èmi ni mo jí yín."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì ló fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ti kú. Ìwọ ni èkejì."

Òótọ́ ni. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé. Nígbà tó na ìwé náà sí mi nínú yàrà ogun, ó dúró ń wò mí, n kò sì fẹ́ kó rí i pé ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ sí i kíá láì kà á, bí ọ̀mọ̀wé.

"Wò ó," ó ní, "mo lè fi ọ́ ṣe aṣọ́nà ní oríta rélùwéè kan ní Ballarat. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ilé wà níbẹ̀."

"Fi í fún ajá rẹ."

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ivy. Mo rò pé yóò yìn mí.

"Ilé wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Ó ní ó wà níbẹ̀."

Kò bá mi jà. Ó gbé korobá, ó lọ fún ẹṣin lómi.

Strahan wọlé ìbò. Mo kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn nípa irọ́ náà. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ìfọwọ́sí mi ń bẹ lórí ìwé ọjọ́sí. Ivy ń fọ aṣọ ibùsùn fún òtẹ́ẹ̀lì báyìí, nítorí n kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun gbọ́ pé ọmọ ogun kan ti gba iṣẹ́ aṣọ́nà náà, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbin òdòdó síwájú ilé.