Ìdánwò Dìgírì Nílé Bàbá Ó-Wọlé

Bí ẹnikẹ́ni bá tún dárúkọ yunifásítì òkè òkun létí mi, òòlù tí mo fi ń tún àga ṣe ni n ó fi dá a lóhùn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, àga onítìmùtìmù. Kò sí àga tó wó tí n kò lè gbé dìde, ì báà jẹ́ erin ló jókòó lé e. Ìwé mi ò pọ̀. Mo pẹ́ nínú kíláàsì kan náà títí tí àga ibẹ̀ fi mọ ìdí mi, bóyá ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ iṣẹ́.

Ìyàwó mi ló mọ̀wé. Dípúlọ́mà ìṣirò owó ló ní, ó sì ti ń fi í ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan láti ìgbà tí irun orí mi ṣì kún. Ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà, títí kan ológbò tó ń pa eku níbẹ̀, ló mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń bá ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ fárígá pé àfi ẹni tó bá ní dìgírì ló lè jókòó sórí àga yẹn. Bí ìyàwó mi ò bá rí dìgírì gbà kí ọdún tó parí, wọ́n á mú ẹlòmíì wá láti ìta, òun náà ni wọ́n á sì ní kó kọ́ onítọ̀hún níṣẹ́.

Bó ṣe rí yunifásítì òkè òkun yẹn lórí ayélujára nìyẹn. Wọ́n ní kó gbé dípúlọ́mà rẹ̀ wá, pé ẹ̀kọ́ díẹ̀ báyìí ni àwọn máa fi kún un, yóò di dìgírì. Ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè é o. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ilé ìwé tó ti gba dípúlọ́mà ni kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra wọn. Ó débẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe tán, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti rìnrìn àjò. Ẹni yẹn dé, wọn ò rí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi lọ títí tí àwọn ajá ẹnu géètì fi jáwọ́ nínú gbígbó, tí wọ́n wá ń bi í bóyá ilé dáadáa ni. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará òkè òkun tún ní kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tó máa fi hàn pé ó gbọ́ òyìnbó. Obìnrin tó ń fi òyìnbó bá mi jà nígbà tí kò bá fẹ́ kí n fèsì!

Ó fara da gbogbo rẹ̀. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ń kàwé, ojú rẹ̀ wá wọnú bíi ti ẹni tí wọ́n fi ọgbọ́n ehoro gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé gbogbo ìyẹn ò tíì tó nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ni wàhálà gidi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àna mi yìí. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́. Bí àwọn alárù bá ti ń gbé ẹrù kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á pe iye rẹ̀ sókè, "Páálí ogún!" Òun á sàmì sí i, á ní, "Ó wọlé." Àwọn alárù ló sọ ọ́ ní Bàbá Ó-Wọlé, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí bó bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ á máa pè, bàbá á máa sàmì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìṣirò, ohun tó sì fà á nìyẹn tí ìyàwó mi ò fi lè ro ení mọ́ èjì títí dòní àfi kí ẹnu rẹ̀ pè é jáde. Níbi iṣẹ́, wọ́n fún un ní yàrá tirẹ̀ nítorí ariwo. Nílé, bó bá ń kàwé, á máa pe iye láti inú yàrá, Bàbá á sì máa dáhùn láti pálọ̀. Kódà bó bá sùn. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tó ń hanrun, tó gé ìhanrun náà sí méjì, tó ki "Ó wọlé" bọ àárín rẹ̀, tó sì ń hanrun lọ.

Ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé ni yóò ti ṣe é, níwájú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á sì máa ṣọ́ ọ. Òfin tí wọ́n fi ránṣẹ́ ga ju igi àgbọn lọ. Kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé kọ̀ǹpútà yí yàrá po kí wọ́n rí ògiri, àjà àti abẹ́ tábìlì. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní kí aláǹgbá ara ògiri fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn. Nígbà tó ṣe ìdánrawò, ẹ̀rọ náà kìlọ̀ fún un pé ètè rẹ̀ ń mì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ètè mì, ṣé kò yẹ kó lọ máa kọ́ òkúta níwèé?

Èmi ni mo gbà láti pa àdúgbò lẹ́nu mọ́. Mo lọ bá ajórin tó wà lódìkejì ọ̀nà, mo fa ojú ro, mo ní aláìsàn wà nílé, ariwo irin lè pa á. Ó bi mí irú àìsàn wo ni. Mo ní dìgírì ni. Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn, pé ó mú ẹ̀gbọ́n òun kan rí, ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbé e débi ìtọ́jú. Mo kọ ọ́ sára géètì pé AJÁ INÚ ILÉ YÌÍ TI JẸ ỌLỌ́PÀÁ RÍ. A ò ní ajá.

Ó wá ku Bàbá. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lo ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wò mí bí ẹní ń wo àpò tó lu.

"Ẹni tó ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tó tó odindi ìlú," ó ní, "ṣé yàrá kan ṣoṣo ni kò ní lè ṣọ́?"

Ó gbé àga rẹ̀ wá síwájú ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀, ó fẹ̀ sórí rẹ̀ bí ọba. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé inú rẹ̀ á bàjẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í gbé e gbá ògiri, èmi gbé tèmi gbá a.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, èéfín gan-an ń yọ́ rìn. Mo wà lẹ́nu géètì, mò ń ṣàlàyé fún ẹni tó gbé gáàsì wá pé ajá ń sùn, ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé apá ọ̀tún àti apá òsì ìṣirò náà kọ̀ láti dọ́gba. Ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó fi eyín di ahọ́n mú. Kò mọ ìgbà tí ẹnu là.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá," ohùn rẹ̀ wá láti inú yàrá.

"Ó wọlé," Bàbá dáhùn lójú oorun.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ọgọ́rin."

"Ó wọlé."

Mo sáré débi pé bàtà mi ò bá mi dé, mo rò pé ẹsẹ̀ kan ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo fò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo Bàbá lẹ́nu. Ó gé mi jẹ. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi níbẹ̀, pẹ̀lú ẹran ara mi láàárín eyín rẹ̀, ó tún ráyè gba iye kan sí i wọlé.

Nígbà tí ìyàwó mi máa fi jáde, kọ̀ǹpútà ti pa ìdánwò náà dé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń dá a lóhùn, kó dúró de ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ó tán nìyẹn, kò tún ní ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ wọn mọ́ láyé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀.

Bàbá la ojú. "Ṣé o ti parí?" ló bi í.

Títí tí ọjọ́ ẹjọ́ fi pé, gbogbo ohun tí mo ń bẹ̀ Bàbá ò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní bí wọ́n bá bi í léèrè, kó sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ìṣirò owó. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa tì mí lójú nígbà kejì ni.

Ọjọ́ pé. Ojú mẹ́ta yọ nínú kọ̀ǹpútà: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ìyá àgbàlagbà kan, àti obìnrin kan tó gbọ́ èdè wa, òun ló ń ṣe ògbufọ̀. Èmi, ìyàwó mi àti Bàbá fún ara wa sórí àga gígùn kan. Ìyàwó mi ṣàlàyé ohun gbogbo, ilé ìkẹ́rùsí, àwọn alárù, ìpè àti àmì. Onírùngbọ̀n fetí sílẹ̀, ó wá ní ohun tó ń kọ òun lóminú ni pé ó lè jẹ́ àmì ni wọ́n fi ṣe láàárín ara wọn. Bí iye bá tọ́, bàbá á ní "Ó wọlé." Bí kò bá tọ́, bàbá á dákẹ́. Ó ní kí wọ́n bi bàbá léèrè bóyá ó máa ń gba iye tí kò tọ́ wọlé nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tẹ Bàbá lẹ́sẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀. Ó jókòó tààrà.

"Èmi?" ó ní. "Iye tó bá fi bíńtín yẹ̀, n kì í dá wọn lóhùn. Kí wọ́n lọ béèrè."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Onírùngbọ̀n ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyàwó mi di ojú. Ní tèmi, mo ti ń wo ibi tí mo lè gbà bọ́ sínú ilẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó rọra bá ògbufọ̀ sọ nǹkan. Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sún mọ́ kámẹ́rà, ó pè é bí alárù:

"Méjì àti méjì, mẹ́sàn-án!"

Bàbá la ẹnu, ó pa á dé. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tí ìyẹn ṣì di ojú, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí aṣọ mú. Ó wò ó pẹ́.

"Ó wọlé," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ọgọ́rùn-ún dín kan, igba!"

"Ó wọlé."

Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́, ẹnu tí Ọlọ́run fún mi ò gba ìjánu. "Erin méje!" ni mo pè.

"Ó wọlé," Bàbá ní, ó sì fojú gún mi bí abẹ́rẹ́.

Ìyá òkè òkun yẹn rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú. Onírùngbọ̀n ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní àwọn á lọ tún ohùn ọjọ́ ìdánwò náà gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ìkan nínú àwọn iye tí ìyàwó mi pè lọ́jọ́ náà kò tọ́, òun gan-an ni kò jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ dọ́gba, Bàbá sì ti gba ìyẹn náà wọlé. Wọ́n ní kì í ṣe èrú. Wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì sí nínú ilé.

Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìjiyàn. Ó jókòó sáàárín àwọn àga tó ti wó. Ó ṣáà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "O ti sọ mí di ẹni tó ń gba erin." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ ẹjọ́ yẹn, "Ó wọlé" kan ò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi á pe iye títí nínú yàrá, pálọ̀ á dákẹ́ bí ìsà òkú, kódà ìhanrun rẹ̀ ń lọ gbọọrọ láìgé. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó wá ku kí n máa wá a kiri.

Ìrọ̀lẹ́ kan, kí ọdún tó parí, èsì dé. Ìyàwó mi gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀, ó dúró síwájú bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èsì náà ní ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn ilé ìkẹ́rùsí. Ìṣirò owó ilé iṣẹ́, ó yege. Àyẹ̀wò ìwé owó, ó yege. Owó orí, ó yege. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dúró díẹ̀. Bàbá kò dáhùn. Ó pè é dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti gba dìgírì, ohùn rẹ̀ wá fẹ́ máa já.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ò gbọ́ ni?"

Bàbá na ìka sí kọ̀ǹpútà náà. "Ṣé àwọn èèyàn yẹn ò sí nínú rẹ̀?"

"Wọn ò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Pa á dé ná."

Ó pa á dé. Bàbá ní kó gbé e sẹ́yìn àga. Ó gbé e sẹ́yìn àga. Bàbá wo èmi náà, ó ní kí n fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo fi bò ó. Ìgbà yẹn ló tó tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa, tó gbé orí sókè, tó ṣe bí ẹni pé kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní, "n ò gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Ó pè é.

"Ó wọlé."