Kàlẹ́ńdà tí Olúsànyà Yàn

Lẹ́yìn tí Nàfísátù kú, ilé Olúsànyà ní Ìkirè dákẹ́ bí iyàrá ìkàwé nígbà họlidé. Títí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé fi sílẹ̀, ti wà ní Àpòmù láti ọjọ́ ìsìnkú. Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló mú un lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúsànyà, Mùsùlùmí ni ẹbí olóògbé, tipátipá ni wọ́n sì fi gbà kó fẹ́ ọmọ wọn. Níwájú àwọn àgbà ni Gàrúbà ti sọ ọ́: bí Olúsànyà bá bá wọn jókòó níbi àdúrà ogójì ọjọ́, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ. Bí kò bá wá, á jẹ́ pé kò ka Nàfísátù sí aya, Àpòmù ni Títí yóò sì dàgbà sí. Wọn kò ní rán ẹnikẹ́ni wá pè é. Ẹni tó mọ ẹni tó sọnù lọ́wọ́ òun kì í dúró de ìpè.

Lọ́dún 1994 yẹn, ìjọ fún ilé ẹ̀kọ́ tí Olúsànyà ti ń ṣe akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ọ̀gá ní kó wá kàlẹ́ńdà tí yóò máa sọ ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ ìpàdé sínú rẹ̀. Olúyínká, tíṣà ìṣirò, mú dísìkì méjì tí kàlẹ́ńdà wà nínú wọn bọ̀ láti Ìbàdàn. Tàkọ́kọ́ kún fún àwòrán àti àwọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ju agbára ẹ̀rọ lọ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dúró títí, ojú ẹ̀rọ á kàn ṣú. Olúyínká ní àfi bí ìgbà téèyàn gbé ọlọ ru ọmọ ọwọ́. Èkejì kò ní àwòrán rárá. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ síwájú àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, yóò sì fi ìlà kan péré dáhùn.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Olúsànyà wí. "Kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí a bá bi í."

"Ó jọ yín, ẹ̀gbọ́n."

Láti dán an wò, ó tẹ ọjọ́ Mọ́ńdè tí Nàfísátù kú, ó ní kí ẹ̀rọ fi ogójì kún un. Sátidé ni ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kò tún fi ìka kà á.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó wọ aṣọ funfun, ó ra àgbò kan, ó sì wọkọ̀ lọ sí Àpòmù. Bó ti ń fa àgbò wọ agbo ilé, ó rí i pé wọ́n ti ká ẹní ti ògiri. Àwọn adìẹ ń ṣa ìrẹsì nílẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Àṣíáwù, ń fọ ìkòkò ńlá kan, kò gbójú sókè.

"Ìyá, àwọn àlùfáà ń kọ́?"

"A ti ṣe é lánàá."

"Òní ni, ìyá. Ẹ̀rọ ló bá mi kà á."

Gàrúbà jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó ní kí Olúsànyà ṣàlàyé bó ṣe kà á. Olúsànyà ṣàlàyé.

"O fo ọjọ́ tó kú gan-an," ni Gàrúbà wí. "Ọjọ́ yẹn ni ọ̀kan. Ṣé bàbá tó bí ọ kò kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún ni?"

Olúsànyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó bẹ̀ wọ́n pé àṣìṣe ni, kì í ṣe àìbìkítà. Gàrúbà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti bèèrè ọkọ olóògbé lánàá títí wọ́n fi ṣe àmín ìkẹyìn, òun kò sì rí èsì fún wọn.

"Ìwọ lo fẹ́ àbúrò mi, tàbí ẹ̀rọ?"

Títí ti yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, àmọ́ kò sún mọ́ ọn.

"Bàbá, mo ti di ẹrù mi láti àná," ló wí. Ó wá yíjú sí Àṣíáwù. "Ṣé kí n tú u, ìyá àgbà?"

Àṣíáwù wo Gàrúbà. Gàrúbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ náà wọlé. Látorí ilẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, Olúsànyà ń gbọ́ bó ṣe ń tú ẹrù náà, tó ń gbọn aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.