Ìgò Kan, Ajá Mẹ́wàá

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ajá kò gbó. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìgàndò nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé tí ọkọ mi ti ń kọ́ni ní ìṣirò wọlé, òun pẹ̀lú olùkọ́ kan. Dúródèmí, tó máa ń gbó mọ́ ewé tó bá já bọ́, kàn dìde, ó ń wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹnì kẹta ń bọ̀. Ẹnì kẹta kò sí. Oyèníran ọkọ mi ṣubú nínú kíláàsì, kò sì dìde mọ́.

Òun ló ni ajá. Èmi kì í fọwọ́ kàn án. Láti òkèèrè ni mo ti máa ń ti oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, àràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu géètì, tó ń kọjú sí ọ̀nà tí Oyèníran ń gbà wálé, mo sì rí i pé àwa méjèèjì la jọ ń dúró.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Àjíǹde, onílé wa, Bàbá Gbóyèga, kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Fisáyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ajá kan bu ọmọ jẹ ládùúgbò kejì. Ajá tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tọdún yìí, kó kúrò nílé mi kí oṣù tó parí. Ẹ má bínú sí mi."

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì àtijọ́. Dókítà ẹran tó gbé e, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hamdalah, sọ iye tó máa gbà kó tó wá sílé. Owó oúnjẹ mi fún oṣù kan ni. Mo sọ fún un pé Dúródèmí ni orúkọ ajá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Tíṣà?"

"Èmi ni."

"Áà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ mà. Tíṣà ò san iye yẹn rí. Ìgò oògùn kan, ajá mẹ́wàá ni. Tá a bá ti ṣí i, ọjọ́ yẹn náà la gbọ́dọ̀ lò ó tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìdànù ni. Bí ajá kan bá dá wá, olówó rẹ̀ ló máa san odindi ìgò. Bí mẹ́wàá bá wá, wọ́n á pín in. Ẹ kó mẹ́wàá wá sí pápá ilé-ìwé ní Sátidé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, bá a ṣe máa ń ṣe."

Bá a ṣe máa ń ṣe! Ọdún mẹ́sàn-án ni Oyèníran fi ń sọ fún mi pé òun níṣẹ́ nílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Èmi náà kò bi í pé irú iṣẹ́ wo.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kiri, ṣùgbọ́n mo kàn án. Ṣàfíù tó ń lẹ táyà sọ pé, "Ajá tèmi? Á wá o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa di ẹnu ẹ̀ mú, ìyàwó Tíṣà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀. Títí di ọjọ́ Ẹtì, ajá mẹ́rin péré ni mo rí. Tèmi ṣe ìkarùn-ún. Mo pinnu pé bí kò bá pé mẹ́wàá, màá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti fi san ìyókù.

Láàárọ̀ Sátidé, mo mú okùn Dúródèmí lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. A yà lẹ́bàá ògiri ilé-ìwé. Mo dúró.

Ajá ni gbogbo pápá. Wọ́n fi okùn so òmíràn, wọ́n fi bẹ́líìtì tàbí àkísà aṣọ so òmíràn. Arúgbó ajá kan jókòó nínú bárò bí ọba. Obìnrin kan pọn ọmọ ajá sẹ́yìn. Wọ́n ti Ìkòtún wá, wọ́n ti Ẹgbẹ́dá àti Ìṣẹ̀rí-Olófin wá, oníkálukú sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kejì kí ajá má bàa jà.

"Ta ló pè yín?" ni mo bi wọ́n.

"Ta ló tún máa pè wá, mà?" ni obìnrin tó pọn ajá wí. "Sátidé Tíṣà ni."

Dókítà ń pe orúkọ ajá láti inú káàdì. "Kí-lò-ń-wò!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde. Ìyá kan kígbe, "Mùtíù, ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ajá mi ni wọ́n pè, mà! Àbí ẹ̀yin náà ń jẹ́ Kí-lò-ń-wò ni?"

"Kò burú. Dókítà, ẹ pe tèmi jàre."

"Ọ̀rọ̀-ò-kàn-ẹ́!" ni Dókítà pè.

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ògiri kan ló là wọ́n láàárín.

Mo kà wọ́n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú tèmi. Ìgò mẹ́ta ló wà nínú kúlà Dókítà. Ó ti mọ̀ pé wọ́n á wá. Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó mú mi bọ́ bàtà láìmọ̀ rí. Ìgbà tí iyanrìn gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni mo tó mọ̀.

Káàdì Dúródèmí ti wà nínú àpò mi nígbà tí Dókítà gbé ìgò kẹta sókè sí oòrùn. "Ó ku abẹ́rẹ́ ẹyọ kan."

Gbogbo wọn wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ajá kan dúró níbẹ̀, ó ti ọ̀nà ààtàn Solous wá, èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀.

"Tíṣà kì í jẹ́ kó ṣòfò," ni Ṣàfíù wí. "Òun ló máa ń san ẹyọ tó bá kù. Òun náà ló máa ń di orí èyí tí kò lẹ́ni mú."

Mo san án. Ṣàfíù fi búrẹ́dì fa ajá náà mọ́ra, Dókítà fi aṣọ di í lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ wọlé. Ó wò mí.

Dókítà mú káàdì tuntun jáde. "Orúkọ olówó rẹ̀ ńkọ́, mà?"

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀: Oyèníran.