Alákọ́tìnì àbí Awógiri

Tó bá jẹ́ Alákọ́tìnì ni mo mú… Alákọ́tìnì ò ní bi mí ní nǹkan kan. Ohun tó dáa lára ẹ̀ nìyẹn. Á kun ògiri, á fi kọ́tìnì tuntun kọ́, á pààrọ̀ tìmùtìmù orí àga, á gbowó ẹ̀, á máa lọ. Ilé á wà bó ṣe wà. Ògiri á wà níbi tó wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ Awógiri ni mo mú—rárá. Rárá o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná.

Ọkọ mi ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní orúkọ iṣẹ́ tó gbayì. Ọkùnrin yẹn, dẹkọrétọ̀ ni, ó ń bá èèyàn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Obìnrin yẹn, disáínà inú ilé, òun ló ń tún inú ilé tò látìpìlẹ̀, ó lè ní kí ògiri kúrò lọ́nà, kí ilẹ̀kùn lọ ṣí síbòmíì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Màmá wa, Alákọ́tìnì àbí Awógiri, ìwọ lo máa yàn o. Má jẹ́ kó kọjá ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, àwọn èèyàn ń retí wa." Ọ̀la ti di òní. Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi.

Ojú mi ń lọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti sọ ọ́. Inú lọ́hùn-ún ni mo ti sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Dókítà ojú ò fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́. "Èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́, mà. Ìyókù la jọ máa dì mú." Ó ní ta ni mo máa sọ fún nílé. Mo ní ọkọ mi. Irọ́ gbuu. Oògùn tí mò ń kán sójú wà nínú bàtà àtijọ́ kan tí mi ò wọ̀ mọ́. Iwájú mi gan-an nìkan ni mo ṣì ń rí, bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú páìpù. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dìgbà tó bá gbá mi kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ń jẹun, ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà mí.

Alákọ́tìnì ni kí n mú. Ọ̀rọ̀ bù ṣe.

Àmọ́ lọ́jọ́ tó wá… Kó tó sọ̀rọ̀, ó ti kó ègé aṣọ jáde nínú àpò, ó ń tẹ́ wọn lé apá àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fà sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pidán. "Mọ́mì, ẹ má ronú rárá. Ẹ jẹ́ kójú yín yàn." Kójú mi yàn! Mo fọwọ́ pa wọ́n lọ, mo fọwọ́ pa wọ́n bọ̀. Èyí tó nípọn, tó ń dùn mọ́ ìka, mo ní òun ló wù mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yìn aṣọ lẹ yí sókè yẹn o." Mo ní ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ló wù mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin Mọ́mì yìí, ẹ mọ fáàrí o. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kọ́tìnì wo ni mo fẹ́ máa wò? Àwọ̀ wo… ta ni mò ń kun ilé fún gan-an?

Kí n wá pe Awógiri ni? Obìnrin yẹn ń dẹ́rù bà mí. Kò mú aṣọ wá, kò mú ìwé wá. Àga ló tọrọ, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, ó jókòó. "Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, mà, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí." Ta ló fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀? Mo gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Mo lọ sílé ìdáná, mo bọ̀, mò ń fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ni mo bá rántí ẹni tó jókòó, mo yọwọ́ kíá bí ẹni tí iná jó. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Ìgbà yẹn ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ilé tuntun sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀: ògiri máa dé ibí, àga á wà lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn rèé. Ó ní òun kì í wó nǹkan kan láìjẹ́ pé onílé ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rin ilé náà wò. "Ẹ rìn ín wò, mà." Mo gbé àyà sókè, mo rìn bí ayaba. "Mà… inú ògiri lẹ gbà kọjá yẹn."

Mo ní mi ò wolẹ̀ ni. Ó ní kò burú. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn ká ní ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó máa wó ògiri kankan nílé yìí. Ara mi mọ ilé yìí. Tí wọ́n bá yí i padà, tójú wá lọ tán, níbo ni mo fẹ́ fọwọ́ lé? Bó ṣe rí fún ìyá mi nìyẹn… Ojú ìyá mi lọ lọ́jọ́ ogbó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun fẹ́ múnú wọn dùn, ó tún pálọ̀ wọn ṣe, ó yí àga padà, ó yí tábìlì padà, kò sọ fún wọn. Nígbà tí mo dé, wọ́n dúró sáàárín pálọ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé mi." Ilé wọn ni wọ́n wà! Wọn ò rìn nínú ilé yẹn mọ́. Àga kan báyìí ní kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ń gbé wọn sí, wọ́n ń gbálẹ̀ yí wọn ká. Àlejò á wọlé, á bojú wo ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Ìyá mi jókòó síbẹ̀ o! Ẹnu wọn ò dí!

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Òkùnkùn kọ́. Kí n má di ara ẹrù ilé. Kí wọ́n má máa bi ọkọ mi bóyá mo ti jẹun.

Fóònù ń dún. Kó máa dún. Ó ti dákẹ́.

Kí ló tiẹ̀ mú ọkọ mi débi Awógiri? Ọkọ mi! Ẹni tó bá mi jà nítorí pé mo gbé rédíò kúrò lórí tábìlì! Ọ̀dà la jọ sọ pé a fẹ́ kùn, ọ̀dà lásán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣàdédé ló mú obìnrin yẹn wọlé, ó ní a ó wógiri. Mo ní bóyá ó rí i nílé ọ̀gá ẹ̀ ni. Obìnrin yẹn náà sì sọ nǹkan kan, nígbà tó ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀… kí ló sọ? Ọkàn mi ò sí níbẹ̀, ògiri tí mo gbà kọjá ni mò ń rò. Ó ní… "Mi ò ní gbé nǹkan kan sí ọwọ́ òsì yín o, mà. Dádì ti kìlọ̀ fún mi."

Dádì ti kìlọ̀.

Ọwọ́ òsì. Ta ló sọ ti ọwọ́ òsì fún un? Mi ò sọ fún… Dúró. Dúró ná. Àpótí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹsẹ̀ gbá a gbẹ̀yìn, mo sì rò pé mo ti mọ bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ ni. Bàtà ọkọ mi tó máa ń fọ́n káàkiri, ìgbà wo ni mo pariwo lé e lórí gbẹ̀yìn? Tíì àárọ̀ ńkọ́? Kì í gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú, á fi kọ́ọ̀pù sí i, á fi ìka mi yí i ká. Mo pè é ní ìfẹ́ àgbàlagbà. Mo tiẹ̀ fi ń yangàn fún àbúrò mi.

Ó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Kì í ṣe kọ́tìnì ló ní kí n yàn. Ṣe ló ń dúró dè mí, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kó má bàa jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé yìí.

Kọ́kọ́rọ́ ń yí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ni. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Èmi ni o," kó tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èmi sì ń rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ ọ́ di aláròyé. Kọ́ọ̀pù tíì yẹn… ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá ń gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti rò pé ó gbóná jù ni. Ẹ̀rù ló ń bà á.