Agbọ́n Tó Jáde Láti Inú Pákó

Ọ̀gá ilé ìwé ò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó nawọ́ sí ihò kan lára pẹpẹ ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún wọn.

“Ìyá Onípákó, pákó àlòkù lẹ fi ṣe èyí. Ojú ìṣó nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò lónìí.”

Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà, mi ò fi àlòkù kan nǹkan fún ẹnikẹ́ni rí. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ló mú mi wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Tí mo bá gbé pẹpẹ yẹn jáde, orúkọ mi bà jẹ́, ojú sì ti òun náà.

Mo wá rí òkú kòkòrò méjì lójú fèrèsé: labalábá igbó kan, àti agbọ́n dúdú gígùn kan. Mo bi ọ̀gá bóyá kòkòrò ló lu ihò yẹn.

“Fèrèsé làwọn méjèèjì gbà wọlé,” ọ̀gá ní.

“Kì í ṣe méjèèjì, mà,” àbúrò mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹnu labalábá dà bí òwú tí wọ́n ká, omi òdòdó nìkan ló lè fà. Ewé ló jẹ dàgbà, níta gbangba. Agbọ́n yìí léyín. Inú igi tútù nínú igbó nìyá ẹ̀ yé ẹyin sí. Igi ló ń jẹ lọ́dún méjì, mẹ́ta, títí tó fi hu ìyẹ́ nínú òkùnkùn.”

Mo ti òkú agbọ́n náà bọ ihò. Ó ṣe rẹ́gí.

“Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni,” ọ̀gá fèsì.

Mo máa ń fi ìka gbá pákó, kí n fetí lé e, kí n tó fá a. Ìkánjú ò jẹ́ kí n ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Mo wá ṣe é lójú wọn. Ní pákó kẹta lára pẹpẹ náà, mo gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù fa òbìrí róbótó síbẹ̀.

“Ẹ jókòó, mà. Ibí ni òmíràn máa gbà jáde.”

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ó tó wákàtí kan kí ìyẹ̀fun igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Láàárín òbìrí mi gan-an ni orí dúdú kan ti yọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ìyẹ́.

Àbúrò mi pariwo. Èmi fò sókè bí ọmọdé, àgbàlagbà mi!

“Ẹ má bínú, Ìyá Onípákó,” ọ̀gá ní. “Ṣé kò ní jẹ ìyókù?”

“Kì í yé ẹyin sínú igi gbígbẹ, mà,” àbúrò mi dá a lóhùn. “ Igbó ló ń lọ.”

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí fèrèsé fún un. Pẹpẹ wà níbẹ̀ dòní, tòun ti ihò méjèèjì.

Àwòrán labalábá ló wà lára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù mi tẹ́lẹ̀, nítorí ẹwà. Mo fá a dànù lọ́sẹ̀ yẹn. Agbọ́n ni mo kùn síbẹ̀, teyínteyín.